Ragnar Sigurðsson, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ilẹ̀ Íslándì: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ẹni tó bá wo Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2018 ti rí ọkùnrin yìí rí, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ó wà láàárín ẹ̀yìn ikọ̀ Íslándì lọ́jọ́ tí Ahmed Musa jẹ góólù méjì ní Volgograd. Ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà, òun kan náà ló jẹ góólù tó mú kí ọkàn àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dàrú ní ìlú Nice. Àwọn ìbéèrè tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù sábà máa ń béèrè nípa iṣẹ́ rẹ̀ la dáhùn síbí. Ohun kan ni ẹ óò máa bá pàdé nínú ìdáhùn wa: Ragnar kì í ṣe eléré ìje, ibi tó máa ń dúró sí ló gbé e dé ibi tó dé.

Ta ni Ragnar Sigurðsson gan-an?

Agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn àárín ni, ọmọ ìlú Reykjavík tó jẹ́ olú-ìlú Íslándì. Ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún 1986 ni wọ́n bí i. Láti ọdún 2007 títí di 2020 ó wọ aṣọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ nígbà 97, ó sì jẹ góólù 5. Òun ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún tí Íslándì gbá ní Euro 2016 (ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù), àti gbogbo mẹ́ta tí wọ́n gbá ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2018. Àwọn ará ilé máa ń pè é ní Raggi.

Ṣé ọmọ ìyá ni òun àti Gylfi Sigurðsson?

Rárá o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jọ gbá fún Íslándì ni. Àwọn ará Íslándì kì í sábà ní orúkọ ìdílé bí ti àwọn Òyìnbó yòókù. Orúkọ bàbá ni wọ́n fi ń ṣe àfikún orúkọ ọmọ: ọkùnrin á gba "son", obìnrin á gba "dóttir". Sigurðsson kò ju "ọmọ Sigurður" lọ. Bàbá Ragnar ń jẹ́ Sigurður, bàbá Gylfi náà ń jẹ́ Sigurður, àmọ́ Sigurður ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ tún rí Björn Bergmann Sigurðarson tí òun àti Ragnar jọ wà ní ẹgbẹ́ Rostov ní Rọ́ṣíà: orúkọ kan náà ló jáde ní ọ̀nà mìíràn, kò sì bá ìkankan nínú wọn tan.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi orúkọ àkọ́kọ́ pe ara wọn nílùú wọn, ààrẹ orílẹ̀-èdè pàápàá. Bí ẹ bá ń ka ìròyìn nípa ikọ̀ wọn, orúkọ àkọ́kọ́ ni kí ẹ máa wò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, góólù ẹnìkan á bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ní ti pípè rẹ̀, "g" inú Ragnar máa ń dún bíi "k" lẹ́nu wọn: Raknar.

Ibo ló ti bẹ̀rẹ̀, báwo ló sì ṣe kúrò níbẹ̀?

Fylkir ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ àdúgbò Árbær ní Reykjavík ni, aṣọ aláwọ̀ ọsàn ni wọ́n ń wọ̀. Ó wọ ikọ̀ àgbà wọn ní 2004, ó sì gbá líìgì fún sáà mẹ́ta. Nígbà náà, ẹgbẹ́ mẹ́wàá péré ló wà ní líìgì gíga Íslándì, ìyẹn ni pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 18 ni ọ̀dọ́mọdé kan lè gbá ní sáà kan, láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹsàn-án. Oṣù méje tó kù, òtútù àti òkùnkùn ló ni ín. Láti nǹkan bí ọdún 2000 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ gbọ̀ngàn ńlá tí pápá bọ́ọ̀lù odindi wà nínú rẹ̀, kí wọ́n lè máa gbá bọ́ọ̀lù bí yìnyín bá tilẹ̀ bo ìta. Àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kéré sí ti Ragnar ló jàǹfààní jù níbẹ̀. Ọmọ ọdún bíi 13 ni tiẹ̀ nígbà tí gbọ̀ngàn àkọ́kọ́ ṣí ní Keflavík.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 18 kò tó láti sọ ọmọ kan di agbábọ́ọ̀lù ńlá. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ Íslándì fi máa ń lọ sí Swídìn, Nọ́wè tàbí Dẹ́nmárkì kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 21 tàbí 22. Swídìn àti Nọ́wè ló rọrùn jù fún ẹni tó ń bọ̀ láti ilé, nítorí pé àárín ọdún kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ líìgì tí wọ́n sì ti ń parí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi ti Íslándì. Ọmọ náà á parí sáà rẹ̀ nílé, á sinmi, á sì dé ibi tuntun lásìkò ìmúrasílẹ̀ sáà tó ń bọ̀, kò ní bá wọn láàárín ìdíje. Bí Ragnar ṣe lọ sí IFK Göteborg nìyẹn, tó sì wà níbẹ̀ fún sáà 2007.

Kí ló ṣe ní Göteborg?

Lọ́dún àkọ́kọ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni Göteborg gba líìgì Swídìn. Lọ́dún 2008 wọ́n tún gba ife ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè náà. Ó wà lọ́dọ̀ wọn títí di àárín ọdún 2011, ó fi ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ kọ́ ohun kan tí yóò wúlò fún un títí ayé: dídènà nípa ààyè, kì í ṣe nípa títọ ènìyàn lẹ́yìn.

Ìtàn kan wà nídìí èyí. Ní àwọn ọdún 1970, akọ́nimọ̀ọ́gbá méjì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Bob Houghton àti Roy Hodgson, dé Swídìn. Wọ́n mú ètò 4-4-2 wá (ẹni mẹ́rin lẹ́yìn, mẹ́rin láàárín, méjì níwájú), níbi tí agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ti ń ṣọ́ ilẹ̀ tirẹ̀, tí gbogbo ìlà sì ń gbéra pọ̀. Ètò náà di ti àwọn ará Swídìn. Lars Lagerbäck, akọ́nimọ̀ọ́gbá ọmọ ibẹ̀, gbé e lọ sí Íslándì ní ìparí 2011. Hodgson yìí kan náà ló wà níwájú àga England ní Nice lọ́dún 2016, ohun tó gbìn sí Swídìn ni wọ́n fi lù ú.

Ìgbà Copenhagen ńkọ́?

Ó dé FC Copenhagen ní 2011. Wọ́n gba ife ẹ̀yẹ Dẹ́nmárkì ní 2012, wọ́n sì gba líìgì ní 2013. Ní ìparí 2013, ó gbá Champions League pẹ̀lú wọn nínú ìsọ̀rí tí Real Madrid, Juventus àti Galatasaray wà. Wọ́n ta ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Juventus nílé, wọ́n sì na Galatasaray ní 1-0.

Kí ló dé tó fi lọ sí Rọ́ṣíà dípò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì?

Oṣù Kìíní 2014 ló lọ sí Krasnodar, ẹgbẹ́ tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó sì ń gòkè nígbà náà. Ní 2015 wọ́n parí sí ipò kẹta ní líìgì Rọ́ṣíà. Ẹ kíyè sí oṣù tó lọ. Láti 2011 ni líìgì Rọ́ṣíà ti ń bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, tí wọ́n sì ń sinmi láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹta nítorí òtútù. Agbábọ́ọ̀lù tó bá dé ní oṣù Kìíní ní nǹkan bí oṣù méjì láti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ní ibùdó ìgbáradì kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Fún agbábọ́ọ̀lù iwájú, oṣù méjì lè má jọ nǹkan kan. Agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ máa jáde àti ìgbà tó máa dúró, kò sì sí ibòmíràn tí wọ́n ti ń kọ́ ìyẹn ju ibùdó lọ.

Kí ló fa á tí kò fi pẹ́ ní Fulham?

Lẹ́yìn Euro 2016 ni Fulham rà á, ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí wọ́n wà ní ìpele kejì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun méjì ló ṣe é. Èkíní, sáà ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó dé, kò sí àkókò ibùdó tí a sọ lókè yìí. Èkejì ló wúwo jù: akọ́nimọ̀ọ́gbá Slaviša Jokanović fẹ́ kí àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn òun máa di bọ́ọ̀lù mú, kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ kéékèèké gbé e jáde, kí ìlà wọn sì súnmọ́ àárín pápá, kí ilẹ̀ gbalasa wà lẹ́yìn wọn. Ilẹ̀ gbalasa kì í ṣe ibi tí iṣẹ́ Ragnar ti ń tàn. Tim Ream àti Tomáš Kalas ni ètò náà bá lára mu, àwọn ló sì gba ipò. Fulham parí sí ipò kẹfà. Ní 2017 wọ́n yá Ragnar fún Rubin Kazan, ní oṣù Kìíní 2018 ó sì lọ sí Rostov.

Àwọn kan ka àkókò yìí sí ìkùnà. Lójú tiwa, ó fi hàn pé agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn dà bí ilẹ̀kùn: bó ti wù kó dára tó, férémù tí wọn kò gbẹ́ fún un kò ní gbà á.

Kí ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nínú ikọ̀ Íslándì?

Ìlà ẹlẹ́ni mẹ́rin méjì ni Íslándì ń tò, ọ̀kan níwájú ìkejì. Bí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ alátakò, ìlà méjèèjì á súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní ju bíi mítà mẹ́wàá lọ láàárín wọn, wọ́n á sì jọ sún sí ẹ̀gbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà. Ẹ̀gbẹ́ kejì pápá á ṣófo. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni, nítorí bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá gbá láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì á pẹ́ lójú ọ̀run, gbogbo ìlà á sì ti rìn débẹ̀ kí ó tó balẹ̀.

Láàárín ẹ̀yìn, Kári Árnason àti Ragnar ló ń ṣe é. Kári, tó ju ọdún mẹ́ta lọ lórí Ragnar, ló sábà máa ń fò lọ bá bọ́ọ̀lù òkè. Bí Kári bá ti gbéra, Ragnar á fà sẹ́yìn ní mítà mẹ́ta sí márùn-ún, á sì dúró síbi tí bọ́ọ̀lù máa bọ́ sí bí Kári bá kùnà. Agbábọ́ọ̀lù ẹ̀gbẹ́ tó jìnnà sí bọ́ọ̀lù náà á wọlé sí àárín kí àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀ lè dí. Ẹni mẹ́ta ń ṣí nípò nítorí bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo. Bí ọ̀kan bá pẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ilé ṣí sílẹ̀.

Òfin tí ìlà náà ń tẹ̀lé kò ju méjì lọ. Bí ẹnìkan bá ti ń há alátakò tó ni bọ́ọ̀lù mọ́, tí kò lè gbójú sókè, ìlà á sún síwájú. Bí alátakò náà bá wà lómìnira tó sì gbójú sókè, ìlà á fà sẹ́yìn kíá, kó tó gbá bọ́ọ̀lù, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti gbá a. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìlà ẹ̀yìn ti ń bàjẹ́ nìyẹn: wọ́n á dúró láti rí i bóyá bọ́ọ̀lù máa wá, nígbà tí wọ́n bá sì rí i, agbábọ́ọ̀lù iwájú ti kọjá wọn.

Nínú ìdíje ìpegedé fún Euro 2016, góólù 6 péré ni wọ́n jẹ wọ́n nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 10, bẹ́ẹ̀ wọ́n na Netherlands nílé àti lóko. Fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2018, góólù 7 nínú 10 ni, wọ́n sì ṣáájú Croatia nínú ìsọ̀rí. Orílẹ̀-èdè tí ènìyàn inú rẹ̀ kò ju bíi 340,000 lọ ni, kò sì sí èyí tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tó tíì dé ìdíje náà ṣáájú wọn.

Báwo ni bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù Íslándì ṣe ń ṣiṣẹ́?

Balógun ikọ̀ nígbà náà, Aron Gunnarsson, ló ń jù ú. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù ọwọ́ nígbà èwe, ó sì lè ju bọ́ọ̀lù láti etí pápá dé iwájú ilé. Òfin ló sọ ọ́ di ohun ìjà: kò sí ọfusáìdì lórí bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù. Agbábọ́ọ̀lù iwájú lè lọ dúró ti aṣọ́lé gan-an kí wọ́n tó jù ú, ẹnikẹ́ni kò lè fọn fèrè sí i. Ohun kan ni kí ẹ ṣọ́ra fún: bọ́ọ̀lù tó bá ti ọwọ́ wọ inú àwọ̀n tààrà kì í ṣe góólù, ó gbọ́dọ̀ kan ẹnìkan.

Bí wọ́n ṣe ń tò nìyí. Ẹni tó ga jù á dúró ní igun ilé tó súnmọ́ ajubọ́ọ̀lù, Kári ni. Kò ní gbìyànjú láti kan bọ́ọ̀lù sínú ilé, ṣe ló máa fi ẹ̀yìn orí tàbí ẹ̀gbẹ́ orí taari rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹni kejì, Ragnar lọ́pọ̀ ìgbà, á dúró bíi mítà mẹ́fà sí mẹ́jọ sí i, á sì sáré wọlé ní kété tí bọ́ọ̀lù bá fi orí Kári sílẹ̀. Bó bá sáré ṣáájú, ẹni tó ń ṣọ́ ọ á bá a lọ. Bó bá sì sáré lẹ́yìn, bọ́ọ̀lù ti kọjá. Àwọn méjì mìíràn á dúró ní etí àpótí láti gba bọ́ọ̀lù tó bá ta padà, méjì á sì dúró lẹ́yìn pátápátá. Ẹ fi àwọn méjì ìkẹyìn yìí sọ́kàn, a óò padà sọ̀rọ̀ wọn ní Volgograd.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Nice lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹfà 2016?

Wayne Rooney fi pẹnáritì jẹ góólù fún England ní ìṣẹ́jú kẹrin. Kí ìṣẹ́jú kẹfà tó tán, Aron ti ju bọ́ọ̀lù láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Kári fò ga ju Rooney tó ń ṣọ́ ọ lọ, ó taari bọ́ọ̀lù sẹ́yìn. Kyle Walker ló yẹ kó wà lára Ragnar, ó jẹ́ kó bọ́, Ragnar sì fi ẹsẹ̀ tì í wọlé láti ìtòsí. Ohun tí a ṣàlàyé lókè yìí gẹ́lẹ́ ni, kò sí àfikún kankan. Kolbeinn Sigþórsson jẹ èkejì ní ìṣẹ́jú 18, ó sì parí sí 2-1.

Àmọ́ góólù yẹn kọ́ ni a fi ń ka Ragnar sí akọni ọjọ́ náà. Ìṣẹ́jú 70 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni England fi ń wá ọ̀nà, tí wọn kò rí i. Ní apá kejì, Jamie Vardy sáré yọ sí ojú ilé, bọ́ọ̀lù wà níwájú rẹ̀. Ragnar kò yára tó Vardy, kò sì gbìyànjú láti bá a sáré níbàámu. Ó gba ọ̀nà tààrà lọ síbi tí Vardy máa ti fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, ó dúró de ìgbà tí bọ́ọ̀lù fi ẹsẹ̀ ọkùnrin náà sílẹ̀ díẹ̀, ó sì fi ara yọ́ ilẹ̀ gbé e lọ. Bó bá kan ẹsẹ̀ kó tó kan bọ́ọ̀lù, pẹnáritì àti káàdì ni. Kò sí agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tó lè ṣe ju ohun tó ṣe yẹn lọ. Ó tún fi ẹ̀yìn gbá bọ́ọ̀lù kan lókè tí Joe Hart mú. UEFA yàn án ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lórí pápá, Hodgson sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Kí ló wá dé tí Faransé fi jẹ wọ́n ní márùn-ún?

Àárẹ̀ kó ipa tirẹ̀. Àwọn mọ́kànlá kan náà ni Lagerbäck àti Heimir Hallgrímsson, akọ́nimọ̀ọ́gbá méjèèjì, fi bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún, láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà sí ọjọ́ 3 oṣù Keje. Faransé sì tún rí ibi tó dùn wọ́n: wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù gígùn sí ẹ̀yìn ìlà ní kíá, kí ìlà tó fà sẹ́yìn. Góólù mẹ́rin ti wọlé kí wọ́n tó lọ sinmi, ó parí sí 5-2.

Nàìjíríà na wọ́n ní Volgograd. Kí ni Ragnar ṣe tí kò dára?

Kò pọ̀. Ètò ló tú. Ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà 2018 ni, ooru mú gan-an, Íslándì sì ti ta ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Argentina lọ́jọ́ mẹ́fà ṣáájú. Gernot Rohr ti yí ètò Super Eagles padà sí 3-5-2, ó fi Musa àti Kelechi Iheanacho síwájú. Ní apá àkọ́kọ́ Íslándì ló sàn jù.

Ní ìṣẹ́jú 49, Íslándì ju bọ́ọ̀lù gígùn wọn wọlé, Nàìjíríà sì gbá a jáde. Ibi tí ohun ìjà ti padà ge ẹni tó ni ín nìyí. Àwọn ẹni gíga Íslándì ti wà ní iwájú ilé alátakò, àwọn tó kù lẹ́yìn kò sì tó láti dá eré dúró. Victor Moses sáré ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó gbé bọ́ọ̀lù wá sáàárín, Musa fi ẹsẹ̀ gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbá a kí ó tó balẹ̀. Ẹ wo ìfọwọ́kàn àkọ́kọ́ yẹn dáadáa: agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tó ń padà sáré bọ̀ kò lè dúró, kò sì lè yí padà lójú ẹsẹ̀.

Ragnar fara pa lórí lẹ́yìn ìsinmi. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó tẹ̀síwájú, àmọ́ ní ìṣẹ́jú 65 ó jáde, Sverrir Ingi Ingason sì wọlé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà, bọ́ọ̀lù gígùn bá Musa ní ẹ̀gbẹ́ òsì. Ó kọjá Kári, ó yí aṣọ́lé Hannes Halldórsson po, ó sì gbá a sáàárín àwọn tó dúró lórí ìlà. Ẹni tó máa ń wà ní mítà mẹ́ta sí márùn-ún lẹ́yìn Kári kò sí lórí pápá mọ́. A kò sọ pé Ragnar ì bá dá Musa dúró, torí Musa yára kọjá sísọ lọ́jọ́ náà. Ohun tí a rí ni pé kò sí ẹni tó bo ẹ̀yìn Kári. Gylfi gbá pẹnáritì kọjá lókè ilé ní ìṣẹ́jú 83, 2-0 ló parí sí.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà Ragnar tún bẹ̀rẹ̀ lórí pápá ní Rostov, níbi tí Croatia ti na wọ́n ní 2-1 tí wọ́n sì padà sílé.

Ṣé Lagerbäck tó kọ́ Íslándì ló kọ́ Super Eagles náà?

Òun ni. Ní 2010 ló kó Nàìjíríà lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní South Africa: Argentina nà wá ní 1-0, Greece nà wá ní 2-1, a sì ta ọ̀mì 2-2 pẹ̀lú South Korea. Oṣù díẹ̀ péré ló fi wà pẹ̀lú wa, nígbà tó lo ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ ní Íslándì. Ètò ìlà méjì tó ń gbéra pọ̀ máa ń gba àsìkò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ó fi ṣeé ṣe níbì kan tí kò ṣeé ṣe níbòmíràn, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn góólù wo ló jẹ fún Íslándì yàtọ̀ sí ti England?

Díẹ̀ lára wọn nìyí. Ní oṣù Kẹwàá 2016, ó jẹ góólù tó mú wọn na Finland ní 3-2, nígbà tí àfikún àkókò ti wọ ìṣẹ́jú kẹfà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà 2019, ó fi orí kan méjì wọ ilé Turkey ní Laugardalsvöllur, pápá ìṣeré ikọ̀ Íslándì ní Reykjavík, ní ìṣẹ́jú 21 àti 32, Íslándì borí ní 2-1. Kò wọ́pọ̀ kí agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn dá gbogbo góólù ikọ̀ rẹ̀ jẹ nínú ìdíje ìpegedé. Pàtàkì sì ni pé ó ti kéde lẹ́yìn Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2018 pé òun ti fi ikọ̀ orílẹ̀-èdè sílẹ̀, kó tó yí ọkàn padà lọ́dún náà.

Ta tún ni àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ọmọ Íslándì tó yẹ ká mọ̀?

Ẹni tó yẹ kí ọmọ Nàìjíríà kọ́kọ́ mọ̀ ni Hermann Hreiðarsson. Lọ́jọ́ 17 oṣù Karùn-ún 2008, nígbà tí Kanu Nwankwo jẹ góólù kan ṣoṣo tó fún Portsmouth ní FA Cup lórí Cardiff, Hermann ló wà ní ẹ̀yìn òsì, John Utaka sì wà níwájú. Ìgbà 89 ló gbá fún Íslándì. Ẹgbẹ́ márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bá já kúrò ní Premier League, síbẹ̀ ẹgbẹ́ mìíràn á tún wá a wá, èyí tó jẹ́ ẹ̀rí pé àṣìṣe kì í ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá.

Guðni Bergsson gbá fún Tottenham àti Bolton, ó sì di ààrẹ àjọ bọ́ọ̀lù Íslándì láti 2017 sí 2021. Birkir Már Sævarsson, ẹ̀yìn ọ̀tún tó bá Ragnar gbá, ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń di iyọ̀ lọ́dún kan náà tó lọ Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Nínú àwọn obìnrin, Glódís Perla Viggósdóttir ló tayọ: ó gba Swídìn kọjá gẹ́gẹ́ bíi Ragnar, ó gbá fún Rosengård, ó dé Bayern Munich ní 2021, ó sì di balógun ikọ̀ wọn.

Ọmọ mi jẹ́ agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn. Kí ni kó wò nínú fídíò Ragnar?

Ẹ ní kó má wo bọ́ọ̀lù. Kó mú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ England, kó sì fi ojú tẹ̀lé aṣọ nọ́ńbà 6 fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko. Ìgbà mélòó ló wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó dé? Báwo ni ara rẹ̀ ṣe dúró: ṣé ó kọjú sí bọ́ọ̀lù tààrà ni, tàbí ó fẹ̀gbẹ́ kan sí i kó lè rí bọ́ọ̀lù àti ènìyàn pọ̀? Ẹni tó bá kọjú sí i tààrà gbọ́dọ̀ yí padà kó tó lè sáré, ìyípadà yẹn sì ni Vardy àti Musa ń wá. Lẹ́yìn náà, kó wo ibi tó ń gbá bọ́ọ̀lù sí bó bá ń lé e jáde: ó ń gbé e ga, ó ń gbé e jìnnà, ó sì ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá lé sáàárín ló ń padà bọ̀ di góólù.

Ṣé ó ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta péré kó pé ọgọ́rùn-ún?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní oṣù Kọkànlá 2020, Íslándì ń ṣáájú Hungary ní 1-0 ní Budapest, ìṣẹ́jú méjì ló kù kí wọ́n dé Euro mìíràn. Góólù méjì wọlé láti ìṣẹ́jú 88, ọ̀nà sì dí. Ká ní wọ́n kọjá ni, ọgọ́rùn-ún ì bá ti wà ní àrọ́wọ́tó.

Ní ti ẹgbẹ́, ó padà sí Copenhagen ní oṣù Kìíní 2020, ó lọ sí Rukh Lviv ní Ukraine ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021, ní àárín ọdún náà ó sì padà sílé sí Fylkir. Fylkir já kúrò ní líìgì gíga lọ́dún 2021 yẹn. Ó fi bàtà bọ́ọ̀lù kọ́, ó bọ́ sí iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, ní 2023 ó sì di ẹni tó ń darí Fram ní Reykjavík títí sáà fi parí. Fram kò já.